Ọ̀gá ní kí n kọ òfin AI ní ojú ewé 2: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Agbẹjọ́rò_Rẹ́mọ
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Èmi nìkan ni agbẹjọ́rò tó wà ní ilé-iṣẹ́ wa ní ìtòsí oríta ńlá Ṣàgámù, níbi tí a ti ń sọ pákí di oúnjẹ inú ọ̀rá. Ọ̀gá àgbà wa tuntun sọ fún mi ní ọjọ́ Ẹtì pé òun fẹ́ òfin ilé-iṣẹ́ lórí AI, pé kò gbọdọ̀ ju ojú ewé 2 lọ, kí ó sì ti dé iwájú ìgbìmọ̀ olùdarí kí oṣù yìí tó parí. Ohun tó bí ọ̀rọ̀ náà ni pé ó bá ọ̀kan nínú àwọn máníjà wa níbi tó ti da odidi ìwé àdéhùn tí a bá oníbàárà kan ní Èkó ṣe sínú AI ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ní kí ó bá òun gé e kúrú. Ìwé àdéhùn yẹn gan-an ló sì dè wá pé a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹlòmíràn mọ iye tí a ń tajà fún wọn.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí kiri, mo rí i pé ti máníjà yẹn kéré. Ẹ̀ka òṣìṣẹ́ ń fi AI kọ kúẹ̀rì, tòun ti orúkọ ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Ẹ̀ka ìpolówó ń fi í ya àwòrán. Oníṣòwò kan sì ti ń rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n ra ẹ̀rọ kan tí yóò máa ka ìwé àwọn tó ń wáṣẹ́, tí yóò sì máa yọ àwọn tí kò yẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ojú ènìyàn kankan tó kàn án. Mo ti kọ ìlà mẹ́fà, mo sì ti pa márùn-ún rẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ọ̀nà yìí rí, ẹ jọ̀wọ́, kí lẹ kọ́kọ́ ṣe?

Ọmọ_Ìpẹru
Ẹ kú ìdààmú, Àǹtí. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni èmi ń ṣe, n kì í ṣe agbẹjọ́rò, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí, ẹ tì í pa. Ọ̀sán kan péré tó láti dí gbogbo ojú-òpó AI wọ̀nyẹn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé-iṣẹ́. Ní 2023, Samsung rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ wọn ń da kóòdù ilé-iṣẹ́ sínú ChatGPT, wọ́n sì fòfin de irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà wọn. Bí ẹ̀rù bá ba àwọn yẹn, kí ni tiwa? Ojú ewé 2 ti pọ̀ jù. Ìlà kan tó.

Akọ̀wé_Òṣìṣẹ́
Àbúrò mi ará Ìpẹru, ó rọrùn lẹ́nu. Ẹ̀ka òṣìṣẹ́ ni èmi wà, ní ilé-iṣẹ́ mìíràn lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde, èmi náà sì ti ṣe ohun tí Àǹtí ń wí yìí. Bí ẹ bá dí ti ilé-iṣẹ́, ṣé ẹ lè dí dátà tí mo fi owó ara mi rà sórí fóònù mi? Ìdí tí a fi ń ṣe é kò farasin: kúẹ̀rì gbọ́dọ̀ jáde kí aago 4 tó lù, ọ̀gá fẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dán, agbẹjọ́rò kan ṣoṣo tí a ní sì wà ní kóòtù. Ọjọ́ tí ẹ bá ti iwájú pa, ẹ̀yìnkùlé la óò gbà, ẹ kò sì ní mọ̀ mọ́. Mo jẹ́wọ́ o, ẹ má fi mí sùn.

Àgbà_Òde
Mo ti ṣe akọ̀wé ilé-iṣẹ́ àti agbẹjọ́rò inú ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì sí Ìjẹ̀bú-Òde, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu àgbà dá sí i. Ọmọ mi, má tíì kọ ohunkóhun. AI kọ́ ló gbé ìwé àdéhùn yẹn fún máníjà. Ìwé náà ti wà lọ́wọ́ ẹni tí kò nílò rẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni lè ṣí, kí AI tó dé. Bí kò bá gba ibẹ̀ jáde, ì bá gba WhatsApp jáde, n kò sì rò pé ọ̀gá rẹ ì bá ní kí o wá kọ òfin WhatsApp.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe ni kí o mú ìwé àti bírò, kí o lọ dúró ní géètì, kí o máa tẹ̀lé ìwífún bí ó ṣe ń wọlé. Ní géètì, ìwé ńlá kan wà tí àlejò ń kọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti ibi tó ti wá sí, ẹni tó bá sì dé kẹ́yìn a máa ka ti gbogbo àwọn tó ṣáájú rẹ̀ nígbà tó bá ń dúró de síkiọ́rítì. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, a bá irú ìwé géètì bẹ́ẹ̀ tó tó ọdún 9 nínú yàrá jẹnẹrétọ̀, epo dísẹ̀lì ti rin ín gbingbin, kò sì sí ẹni tó lè sọ ìdí tí a fi tọ́jú rẹ̀. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé Ìjẹ̀bú mọ owó tọ́jú; lójú tèmi, ìwé la mọ̀ ọ́n tọ́jú jù.

Bí o bá kọjá géètì, o máa bá ẹ̀rọ tí òṣìṣẹ́ ń tẹ ìka sí ní òwúrọ̀. Ta ló ni ẹ̀rọ náà? Níbo ni ìtẹ̀ka náà ń lọ lẹ́yìn tí iná aláwọ̀ ewé bá ti tàn? Wọ ẹ̀ka owó, kí o wo ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ tó ń gbé pákí wá láti apá Ìjẹ̀bú-Igbó: orúkọ, nọ́ńbà àkáǹtì, nígbà mìíràn BVN pàápàá. Wọ ilé ìwòsàn kékeré tó wà nínú ọgbà, bí ẹ bá ní. Gbogbo ibi tí o bá dúró sí, béèrè ohun tí wọ́n gbà, ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, ẹni tó ń rí i, àti ìgbà tí wọ́n máa jù ú nù. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ni ẹnikẹ́ni kì í rí dáhùn. Òfin AI tí o bá kọ kí o tó ṣe ìrìn yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, nítorí o ò lè sọ fún ẹ̀rọ pé kó má fọwọ́ kan ohun tí ìwọ fúnra rẹ kò mọ̀ pé o ní.

Olùkọ́_Àgọ́
Bàbá ti sọ ibi tí ẹsẹ̀ yóò gbà, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí òfin gbà, nítorí òfin ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Àgọ́-Ìwòyè. Òfin Nigeria Data Protection Act tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní oṣù Kẹfà 2023 ló dá àjọ NDPC, tó ń mójú tó ààbò ìwífún àwọn ènìyàn, sílẹ̀. Abala 24 rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìrìn tí Bàbá ní kí ẹ rìn: ẹ kò gbọdọ̀ gbà ju ohun tí ẹ nílò lọ, ẹ kò gbọdọ̀ fi í ṣe ohun tó yàtọ̀ sí èyí tí ẹ torí rẹ̀ gbà á, ẹ kò sì gbọdọ̀ tọ́jú rẹ̀ kọjá ìgbà tí ẹ nílò rẹ̀. Ìwé géètì ọdún 9 yẹn ti rú u kí epo tó dà sí i.

Ọ̀rọ̀ ìtẹ̀ka wúwo ju bí wọ́n ṣe ń fojú wò ó lọ. Òfin náà ka ohun ara tí a fi ń dá ènìyàn mọ̀ yàtọ̀ sí ẹlòmíràn mọ́ ìwífún ẹlẹgẹ́, ní ìpele kan náà pẹ̀lú ìlera, ẹ̀sìn, èrò òṣèlú àti jíjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, abala 30 sì ṣírò àwọn ìdí díẹ̀ tí a lè torí rẹ̀ lò ó. Tí ọ̀rọ̀ìwọlé (password) bá sọnù, a lè pààrọ̀ rẹ̀. Àtàǹpàkò kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ti ẹ̀rọ tí yóò máa ṣa àwọn tó ń wáṣẹ́, ẹ ka abala 37 òfin náà, kí ẹ má sì pa á pọ̀ mọ́ abala 37 ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, tó dáàbò bo ìkọ̀kọ̀ ọmọ Nàìjíríà, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù rẹ̀. Nọ́ńbà kan náà ni wọ́n kàn jẹ́. Ti 2023 sọ pé ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti má ṣe jẹ́ ẹni tí ẹ̀rọ nìkan ṣe ìpinnu lé lórí, bí ìpinnu náà bá máa kan ẹ̀tọ́ rẹ̀ tàbí ìgbésí ayé rẹ̀ gidigidi. Àyè wà fún un bí ẹni náà bá yọ̀ǹda, bí òfin bá fàyè gbà á, tàbí bí àdéhùn bá nílò rẹ̀, síbẹ̀ ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó lè bá ènìyàn ẹlẹ́ran ara sọ̀rọ̀, kí ó rojọ́ tirẹ̀, kí ó sì tako ìpinnu náà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ oníṣòwò yẹn ibi tí bọ́tìnnì ìyẹn wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀.

Akọ̀wé_Òṣìṣẹ́
Ẹ ṣé, Ma. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, òṣìṣẹ́ tuntun a máa buwọ́ lùwé ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pé òun yọ̀ǹda kí a lo gbogbo ìwífún òun fún ohun gbogbo. NDPR 2019, ìlànà ààbò ìwífún tó ṣáájú òfin 2023 yìí, la fi kọ ìwé náà. Ṣé kò tó ni?

Olùkọ́_Àgọ́
Kò tó o, Ẹ̀gbọ́n. NDPR tí àjọ NITDA gbé jáde ní 2019 ti gbé iṣẹ́ sílẹ̀: ìtọ́nisọ́nà GAID tí NDPC ṣe ní oṣù Kẹta 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ló dípò rẹ̀. Ní ti ìyọ̀ǹda, ta ni yóò sọ pé òun kò buwọ́ lù ú ní ọjọ́ àkọ́kọ́ níbi iṣẹ́ tó wá lójú méjèèjì? Ìyọ̀ǹda tí ẹni tó fún ni kò lè kọ̀, kì í dúró. Ẹ fi owó oṣù sórí àdéhùn iṣẹ́, ẹ fi owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì sórí òfin tó ní kí ẹ san án, kí ẹ fi ìyọ̀ǹda sílẹ̀ fún ohun tí ẹni náà lè sọ pé rárá sí láìjẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ewu.

Agbẹjọ́rò_Rẹ́mọ
Bàbá, mo ti rin ìrìn náà, ọjọ́ mẹ́ta ló gbà mí. Ní géètì, bí ẹ ṣe wí gẹ́lẹ́ ni. Ẹ̀rọ ìtẹ̀ka jẹ́ ti oníṣòwò kan tí kò sí ìwé àdéhùn láàárín wa bí kò ṣe rìsíìtì, nígbà tí mo sì pè é, ó ní “orí kíláàdù” ni ìtẹ̀ka ń lọ, ìyẹn kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn tí a ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì dé. Mo béèrè orílẹ̀-èdè tí kíláàdù náà wà, ó ní òun yóò pè mí padà. Orúkọ, àkáǹtì àti BVN àwọn àgbẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà márùn-ún, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti ọmọ ìsìnlú (àgùnbánirọ̀) tó ti lọ. Kọ́bọ́ọ̀dù kan wà ní ẹ̀ka òṣìṣẹ́ tó kún fún ìwé àwọn tó wáṣẹ́ láti 2014, tí kò sí ẹni tó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ti ẹ̀ka ìpolówó. A ní àgọ́ ní Ojúde Ọba tó kọjá, níbi tí a ti gba àwọn oníbàárà wa lálejò, onífọ́tò wa sì ya ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwòrán: àwọn ẹgbẹ́ régbérégbé nínú aṣọ wọn, àwọn ọmọ ilé Balógun lórí ẹṣin, àwọn ìyá tó wá jẹun ní àgọ́ wa. Wọ́n fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ sínú AI kí ó fi ojú àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn ṣe ìpolówó, kí ó sì fi ọ̀rá oúnjẹ wa sí wọn lọ́wọ́. Mo ní kí wọ́n dúró. Ṣé mo jẹ̀bi?

Àgbà_Òde
O ò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n má ṣe ju bó ti yẹ lọ. Ojúde Ọba, ìta gbangba ni. Ọjọ́ kẹta Iléyá, ẹni tó bá dá aṣọ, tó gun ẹṣin tó ń jó níwájú Ọba, ó fẹ́ kí ayé rí òun ni. Bí ẹ bá gbé àwòrán ìta náà sí ojú-òpó yín pé “a wà níbẹ̀”, n kò rí ẹni tí yóò bá yín rojọ́.

Olùkọ́_Àgọ́
Níbẹ̀ ni mo ti yà díẹ̀ sí Bàbá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹni tó jó ní ìta fẹ́ kí a rí òun. Kò sọ pé òun jẹ oúnjẹ inú ọ̀rá yín, kò sì sọ pé kí a fi ojú òun ta á. Nígbà tí AI bá fi ọ̀rá sí i lọ́wọ́, irọ́ ti wọ̀ ọ́. Ti àwọn ọmọdé orí ẹṣin tún wá le jù: abala 31 ní kí a gba ìyọ̀ǹda òbí tàbí alágbàtọ́, orílẹ̀-èdè wa sì ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé nínú òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003.

Àgbà_Òde
Mo gbà fún ọ lórí ọ̀rá. Èyí tó ní ọ̀rá nínú, ẹ má ṣe é láìbéèrè lọ́wọ́ onítọ̀hún. Lórí èyí tí kò ní, mo dúró lórí ọ̀rọ̀ mi.

Ọmọ_Ìpẹru
Mo yí ọ̀rọ̀ mi padà lórí ìlà kan. Àmọ́ ìbéèrè mi rè é: bí a bá ra AI tí a sanwó fún, tí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé wọn kò ní fi ohun tí a bá fún un kọ́ ẹ̀rọ wọn, ṣé agbẹjọ́rò lè wá máa da ìmọ̀ràn òfin ilé-iṣẹ́ sínú rẹ̀?

Àgbà_Òde
Ìbéèrè gidi nìyẹn. Abala 192 nínú Evidence Act ti 2011 kò jẹ́ kí agbẹjọ́rò tú ọ̀rọ̀ tí oníbàárà rẹ̀ bá a sọ nítorí iṣẹ́ òfin síta láìjẹ́ pé oníbàárà náà fọwọ́ sí i. Ààbò tó lágbára ni, ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó wà ní ìkọ̀kọ̀ ló ń dáàbò bò. Bí o bá gbé ìmọ̀ràn náà fún AI ọ̀fẹ́ tó lè tọ́jú rẹ̀, tó sì lè fi kọ́ ẹ̀rọ, o ti fún ẹni tó bá fẹ́ bá ọ jà ní gbólóhùn tí yóò fi bẹ̀rẹ̀. Èyí tí a sanwó fún, tó ní àdéhùn tó mọ́lẹ̀, sàn jù, síbẹ̀ èmi yóò yọ orúkọ kúrò. Ìwọ Agbẹjọ́rò_Rẹ́mọ, ṣé kì í ṣe àwọn ará Yúróòpù ló ni yín?

Agbẹjọ́rò_Rẹ́mọ
Àwọn ará Jámánì ni, Bàbá.

Àgbà_Òde
Nígbà náà, fi èyí sọ́kàn. Ní 2010, kóòtù gíga jùlọ ti Ẹgbẹ́ Yúróòpù dájọ́ nínú ẹjọ́ Akzo Nobel pé nígbà tí àjọ European Commission wọn bá ń wádìí ọ̀rọ̀ ìdíje ọjà, ọ̀rọ̀ tí agbẹjọ́rò inú ilé bá bá ọ̀gá rẹ̀ sọ kò ní ààbò tí ti agbẹjọ́rò ìta ní, nítorí pé ẹni tó ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kò lè dá dúró tó. Ohun tí o bá kọ ránṣẹ́ sí wọn, kọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀ pé ẹlòmíràn lè kà á. Òfin AI tiwọn pẹ̀lú, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ 2024, ka ẹ̀rọ tí ń ṣa àwọn tó ń wáṣẹ́ mọ́ àwọn tí ewu wọn ga. Wọ́n máa bi ọ́ nípa rẹ̀ bí ẹnikẹ́ni ní Ṣàgámù kò tilẹ̀ bi ọ́.

Olùkọ́_Àgọ́
Kí a sì má gbàgbé pé AI máa ń parọ́ tìgboyà tìgboyà. Ní oṣù Kẹfà 2023, adájọ́ kan ní New York bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là lé àwọn agbẹjọ́rò nínú ẹjọ́ Mata àti Avianca, nítorí wọ́n gbé àwọn ẹjọ́ tí ChatGPT kàn hun jáde wá sí kóòtù. Mo ti rí irú rẹ̀ nínú iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi: ẹjọ́ Supreme Court tó ní ọdún, tó ní ojú ewé, tí a kò sì rí níbìkan.

Akọ̀wé_Òṣìṣẹ́
Bí nǹkan bá wá já jáde ńkọ́? Ní tiwa, kọ̀ǹpútà alágbèéká ọ̀gá wa sọnù nínú ọkọ̀ ní Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun la tó gbọ́.

Olùkọ́_Àgọ́
Abala 40: bí ìwífún tó já síta bá lè ṣe àwọn tó ni ín ní jàǹbá, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún NDPC láàárín wákàtí 72 tí ó bá ti mọ̀ nípa rẹ̀. Bí ewu rẹ̀ bá ga, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn tó ni ìwífún náà lójú ẹsẹ̀, ní èdè tó yé wọn. Sí àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó, èmi kò rò pé Gẹ̀ẹ́sì agbẹjọ́rò ni èdè tó yé. Ìjà yóò wà lórí ìgbà tí ilé-iṣẹ́ “mọ̀”: bí ọ̀gá bá ti mọ̀ ní Sátidé, kò sí adájọ́ tí yóò fẹ́ gbọ́ pé Ìṣẹ́gun ni agbẹjọ́rò gbọ́.

Owó ìtanràn kì í sì í ṣe eré. Fún ilé-iṣẹ́ tí òfin kà sí pàtàkì, èyí tó bá pọ̀ jù nínú mílíọ̀nù 10 náírà àti ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún un lọ́dún tó kọjá ni òpin rẹ̀. Ní 2024, NDPC bu mílíọ̀nù 555.8 náírà lé Fidelity Bank. Ní 2025, ó bu mílíọ̀nù 766 lé MultiChoice.

Agbẹjọ́rò_Rẹ́mọ
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo wọlé tọ ọ̀gá lọ ní àná. Mi ò gbé òfin AI lọ. Ojú ewé kan ni mo gbé lọ, tó sọ ohun tí a ní, ibi tó wà àti ẹni tó ń rí i. Mo fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ BVN àwọn àgbẹ̀ àti ìtẹ̀ka. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó ní, “Kọ̀ǹpútà ọmọ ìsìnlú?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó gbà kí a sún òfin náà sí ìpàdé tó ń bọ̀.

Fún báyìí, ohun mẹ́rin ló fọwọ́ sí. Kò sí orúkọ ènìyàn, iye owó tàbí ìwé àdéhùn tó gbọdọ̀ wọ AI ọ̀fẹ́. A óò ra èyí tí a sanwó fún, fún àwọn tó nílò rẹ̀ nìkan, kí Ẹ̀gbọ́n wa Akọ̀wé_Òṣìṣẹ́ àti àwọn irú rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa má baà gba ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀rọ ìṣàṣàyàn òṣìṣẹ́ dúró ná, títí a óò fi ṣe àyẹ̀wò ewu tí abala 28 béèrè. Àwòrán tí AI fẹ́ fi ọ̀rá oúnjẹ wa sí ti kú. Oníṣòwò ìtẹ̀ka ni mo kọ̀wé sí lówùúrọ̀ yìí: orílẹ̀-èdè tí sáfà rẹ̀ (kọ̀ǹpútà tí ìtẹ̀ka ń lọ) wà, àwọn tó lè rí i, àti àdéhùn tí abala 29 ní kí ó wà láàárín wa. Mo fún un ní ọjọ́ 10. Bí ẹnikẹ́ni bá ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ tó ti lò rí, kí ó yọ orúkọ kúrò, kí ó bá mi fi ránṣẹ́.

Àgbà_Òde
Mo ní ọ̀kan. Mo máa wá a láàárín àwọn ìwé mi, ó lè gba ọjọ́ méjì.

Akọ̀wé_Òṣìṣẹ́
Àǹtí, kọ́bọ́ọ̀dù 2014 yẹn, ẹ bi ẹni tó ń gbálẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló wà níbi tiwa.